Ẹ̀yìn Ìyá Taoheed

Ṣé ẹ rí ìyàwó tí ń jẹ́ Ṣùbòmí yẹn? Ẹnu ló fi ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò bá a dá sí i. Òun ló ní kí Taoheed, ọkọ rẹ̀, mú Màmá Ṣùkúrátù, ìyá tó bí i, rìn káàkiri kí Màmá tó padà sí Ìwó lọ́jọ́ kejì. "Ẹ má lọ láìrí Èkó, Mà." Ẹ̀n-ẹ́n! Láti ọjọ́ tí Màmá Ṣùkúrátù ti dé sí fúláàtì wọn ní Ìpọ̀nrí láti wá wẹ ọmọ tuntun, kò sẹ́ni tó rántí pé Èkó wà níta. Ìgbà tó ku ọ̀la kó lọ ni Èkó wá dùn-ún wò.

Màmá kò fẹ́ rí ilé kankan. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá, kó pọ̀n ọmọ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ. Ìyá wo ló lọ wẹ ọmọ tuntun tó padà wálé láìpọ̀n ọ́n? Kí ló fẹ́ wí fún àwọn ará ilé?

Ẹjọ́ àgbo ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Inú ń run ọmọ, Màmá bá rọ ọ́ lágbo bó ṣe rọ Taoheed àtàwọn àbúrò rẹ̀, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ṣu, ó bì, wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ká sọ tòótọ́, Màmá jẹ̀bi. Ó sì bẹ̀bẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, ìyá ọkọ fún ìyàwó ilé! Ṣùbòmí ní òun ti gbọ́, àmọ́ kí Màmá má fọwọ́ kan ọmọ òun mọ́. Láti ọjọ́ náà, abọ́ fífọ̀ niṣẹ́ tó kù fún un nínú ilé yẹn.

Iwájú pápá ìṣeré Sùúrùlérè ni wọ́n kọ́kọ́ dúró sí. Taoheed ń nawọ́, ó ń ṣàlàyé irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti gbá níbẹ̀ rí. Màmá ní, "Ó dáa." Wọ́n kọjá sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, níbi ilé àtijọ́ tí wọ́n kó àwọn ohun èlò reluwé ayé òyìnbó sí. Julius, ọkùnrin tó ń mú àlejò rìn níbẹ̀, fi fóònù àtijọ́ àti aago ńlá hàn wọ́n. Màmá tún ní, "Ó dáa." Ara ọmọ lojú rẹ̀ wà.

Àpò tí wọ́n ń so mọ́ àyà ni Ṣùbòmí fi gbé ọmọ, ẹsẹ̀ ọmọ ń fì dirodiro. Bó ṣe ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan lábẹ́ igi, ọmọ sùn lọ, orí rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀, fóònù ló ń wò. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Màmá ti ń pa òwe yìí tipẹ́, kò mọ̀ pé ó máa ṣẹlẹ̀ lójú òun lọ́jọ́ kan. Ó nawọ́, ó rọra tún orí náà ṣe.

"Mo ní ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ṣùbòmí jágbe. "Ṣé ẹ tún fẹ́ pa á ni?"

Háà! Níta gbangba, lójú àjèjì! Julius wolẹ̀. Màmá yíjú sí ọmọ tó bí, kó ṣáà sọ pé, "Ṣùbòmí, ó tó." Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ gbọ́ lẹ́nu Taoheed kò ju ìyẹn lọ.

Taoheed họrí. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Ọ̀la lẹ ṣáà ń lọ."

Ariwo yẹn ti jí ọmọ, ó figbe ta. Ṣùbòmí rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kò dákẹ́. Ó fún un lọ́mú, kò gbà. Àwọn èèyàn ń wò wọ́n. Nígbà tó sú u, ó tú ọmọ kúrò láyà, ó nà án sí ìyá ọkọ rẹ̀. "Ó dáa, ẹ gbé e. Ẹ pọ̀n ọ́n."

Apá Màmá ti fẹ́ nà. Ọlọ́run ló mọ bó ṣe kó o padà.

"A kì í gbé ọmọ fún apànìyàn," ó ní. Ó wá kọjú sí Taoheed. "Ìwọ ni mo pọ̀n. Mo ti pọ̀n tèmi tán."

Ó rìn lọ síbi mọ́tò, igbe ọmọ ń tẹ̀ lé e, kò bojú wẹ̀yìn.