Mo Gé Aṣọ Náà Kí N Tó Bi Í Léèrè

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ má fi bí mo ṣe ń kọ̀wé bú mi. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo gbé láti Ìjẹ̀bú dé Warri, ìsọ̀ mi sì wà ní Igbudu, nítòsí ọjà. Nígbà tí owó epo dé, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń gba èèyàn ṣáá, aṣọ iṣẹ́ ni mo ń rán látàárọ̀ dalẹ́. Orúkọ gbogbo ẹni tí mo wọ̀n rí ṣì wà lórí mi, àti gígùn apá wọn. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ orúkọ kankan síbí. Bí mo bá kọ tàwọn tó kù, ẹ ó béèrè ti ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ẹnu mi ò tíì gbé e.

Bọ́ọ̀lù lọmọ mi ń gbá jẹun ní Bẹ́líjíọ̀mù. Atamátàsé ni. Kásẹ́ẹ̀tì ló máa ń fi ránṣẹ́ sí wa, nítorí kò mọ Yorùbá kọ, èmi náà ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé dáadáa. Gbogbo góòlù tó bá gbá wọlé ló máa ń ròyìn, Pidgin ló sì fi ń sọ ọ́, bíi tàwọn ọmọ tí a bí sí Warri. Láti kékeré, bí mo bá fi Yorùbá pè é, Pidgin ni yóò fi jẹ́ mi. Mo máa ń gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sí ìsọ̀ kí àwọn oníbàárà lè gbọ́.

Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé-iṣẹ́ irin ní Aladja, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà tán, ó wò mí, ó ní, "Baba Tailor, na play e dey play the ball, abi na wash e dey wash am?"

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé egungun. Mo ní ọmọ mi ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀, kó kó àwọn ọmọkùnrin Aladja rẹ̀ wá, kí wọ́n wá bá tiwa gbá a. Ó gbà. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo gé aṣọ, búlúù fún Igbudu, funfun fún Aladja, mo rán gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà náìnì ni mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ti ọmọ mi. Ojú inú ni mo fi wọ̀n ọ́n.

Inú òjò ló dé. Mo rí i bó ṣe ń sọ̀ nínú mọ́tò bí arúgbó, tó ń rọra tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mi ò bi í. Aṣọ búlúù ni mo fi hàn án. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ọmọ tí a bá kọ́ nílé wa kì í wo ojú bàbá kó ní òun ò ṣe. Ọ̀dọ̀ ìyá ló ń gbà. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá rẹ̀ wá bá mi nídìí ẹ̀rọ. Ó ní orúnkún ọmọ náà ti wú láti ibi eré tó gbá kẹ́yìn, pé dókítà wọn ní kó má fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù fún oṣù méjì, pé bó bá tún fi ṣèṣe, iṣẹ́ ti tán nìyẹn.

Ó ní, "Bàbá ọmọ, ẹsẹ̀ yẹn ni oko rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Mo bi í pé ṣé kí n wá tú aṣọ méjìlélógún ni, kí n lọ sọ ní Aladja pé lóòótọ́, ṣe lọmọ mi ń bá wọn fọ bọ́ọ̀lù. Mo ní kó kàn fara hàn, kó gbá ìwọ̀nba.

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá bá mi. Ó ti wọ aṣọ náà. Ó tóbi fún un léjìká; ó ti rù, mi ò mọ̀. Mo rò pé yóò bẹ̀ mí. Yorùbá ló sọ sí mi, ohun tí kì í ṣe.

"Bàbá," ó ní, "ẹsẹ̀ náà, ti yín ni."

Mo gbà á sí ìtẹríba. Mo súre fún un.

Omi kún pápá. Kí ìdajì eré tó pé, ó ti gbá ọ̀kan wọlé. Àwọn ará Igbudu gbé mi sókè, ọ̀gá Aladja yẹn sì wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Mi ò ní purọ́, inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn tí wọ́n sinmi tán, bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fẹ́ yí. Ara rẹ̀ yí, ẹsẹ̀ ọ̀tún ò yí, ẹrẹ̀ ti dì í mú. Kò ké. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń wá ojú mi láàárín èrò. Mo wo ilẹ̀.

Wọ́n di ẹsẹ̀ náà nílé ìwòsàn, ó sì padà lọ lọ́sẹ̀ kejì. Ó ní yóò san. Kásẹ́ẹ̀tì ò sì dáwọ́ dúró. Ó gbá méjì lọ́jọ́ báyìí, ó fi orí kan ọ̀kan wọlé lọ́jọ́ báyìí. Mo ń gbé e lọ sí ìsọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò jókòó gbọ́ ọ mọ́. Ó ní ohùn ẹni tó ń sáré kọ́ nìyẹn. Mo ní kí ló mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù. Ìyá náà kú kí n tó mọ̀ pé ó jàre.

Lọ́dún kẹfà lẹ́yìn eré yẹn, ọ̀dọ́kùnrin Warri kan tí òun àti ọmọ mi jọ ń gbé lóhùn-ún gbé báàgì ọmọ mi wá. Ó ní àìsàn àyà ló dá ọmọ mi dúbúlẹ̀ nígbà òtútù, kò sì dìde mọ́. Mo bi í pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n sin ín dáadáa. Ó ní ẹgbẹ́ wo? Ó ní láti ọdún tó ti ilé dé ni wọ́n ti ní kó máa lọ, pé ibi tí wọ́n ti ń fọ ìgò mílíìkì ló ti ń ṣiṣẹ́, lórí ìdúró. Mo ní àwọn góòlù yẹn ńkọ́. Ó ní tó bá di ọjọ́ Àìkú, yóò jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, yóò wo tàwọn ẹlòmíì, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ ọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì.

"E dey talk say Papa like to hear am."

Aṣọ búlúù yẹn wà nínú báàgì. Ojú rírán ti tú lábẹ́ apá, òwú dúdú lọmọ mi fi rán an padà fúnra rẹ̀, ó gùn, ó wọ́, bí ẹni tó ń rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nídìí tábìlì mi ló máa ń jókòó ní kékeré. Bí oníbàárà bá gbé irú rẹ̀ wá, ṣe ni màá tú u, màá tún un rán. Mo ti gbé abẹ dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mi ò lè tú u.