Ọkọ Ọmọ Mi àti Ọṣẹ Tí Kò Dé Ẹ̀yìn

Nígbà tí a wà ní kékeré, tí òṣùpá bá ti yọ, ìtàn àwọn ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn là ń gbọ́. Kò sí irú wọn nínú èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Adìyẹ díẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn náà ò sì sọ ju ohun tí adìyẹ máa ń sọ lọ. Ìtàn ọkọ ọmọ mi ni, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹ-Bá-Mi-Wò-Ó.

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀ lórúkọ yẹn. Ilé kan náà ni èmi àti òun jọ ń gbé, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ àbíkẹ́yìn mi, àti àwọn ọmọ wọn. Tí òwò tuntun bá ti sọ sí i lọ́kàn báyìí, á wọlé bá mi ní ilé ìdáná, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé nǹkan náà dání bí ẹni gbé ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí, á ní, "Màmá, ẹ bá mi wò ó." Ojú rẹ̀ á máa dán. Kí ni mo fẹ́ wí? Màá wò ó, màá ní ó dára. Ó sì máa ń dára lóòótọ́, lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Adìyẹ ló kọ́kọ́ sìn. Ó kan ilé fún wọn lẹ́yìnkùlé, ilé tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ní kí n máa sùn síbẹ̀, n ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ibi tó ti ṣìṣe ni pé ó sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Arẹwà. Ọ̀kan ń jẹ́ Oníjàgídíjàgan. Èyí tó máa ń dá jókòó ń jẹ́ Ìyá Àgbà, ó ní torí pé ó máa ń wo ènìyàn bí mo ṣe ń wò ni. Lọ́jọ́ tí alápatà ìkòríta wá rà nínú wọn, èmi náà wà níbẹ̀.

"Èyí tó sanra yẹn ni mo fẹ́," alápatà nawọ́ sí Arẹwà.

"Háà, ìyẹn kọ́ o. Ara rẹ̀ ò yá."

"Ara ta ni ò yá? Èyí tó ń sáré kiri yìí?"

"Ọkàn ló ń dà á láàmú."

Alápatà wojú mi. Mo yáa gbójú sókè, mò ń wo òrùlé bí ẹni pé ó ń jò.

Kò ta ẹyọ kan. Gbogbo wọn gbó sí wa lọ́wọ́. Arẹwà tiẹ̀ sọ apẹ̀rẹ̀ aṣọ ọmọ mi di ibùsùn. Aránṣọ ni ọmọ mi, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni máṣíìnì rẹ̀ wà. Tó bá fẹ́ mú aṣọ tó kàn láti rán, àfi kó kọ́kọ́ bẹ adìyẹ.

Ló bá tún dáwọ́ lé aṣọ fífọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ ọkùnrin yìí mọ́! Tó bá lọ ẹ̀wù fún ọ, ẹ̀wù náà lè dá dúró kó kí ọ káàárọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní fi àmì kankan sára aṣọ aláṣọ. Mo ní kó fi òwú pupa díẹ̀ sínú ọrùn wọn. Ó kọ̀.

"Aṣọ ènìyàn, Màmá, kì í ṣe màlúù tí à ń sàmì sí lára."

Orí rẹ̀ ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí, pé eléyìí ti tíṣà, eléyìí ti alápatà. Ó sì ń rántí lóòótọ́, títí ibà fi dá a dùbúlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dìde nídìí máṣíìnì, ó bá a pín aṣọ káàkiri. Ṣòkòtò alápatà ló gbé fún tíṣà, tíṣà tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Tíṣà ò yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń kánjú, ó wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ọwọ́ kan ló fi kọ́ àwọn ọmọ, ó ń fi ìkejì di ìbàdí mú. Àwọn ọmọ rò pé inú ló ń run ún, wọ́n ń kí i pẹ̀lẹ́. Ti tíṣà ní tiẹ̀ kò kọjá orúnkún alápatà. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé aṣọ wá mọ́.

Ó ṣe àbẹ́là, oòrùn tẹ gbogbo wọn ba bí ẹni tó ń kí ọba. N ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ọṣẹ ni mo fẹ́ dé.

Ó se ọṣẹ kan lẹ́yìnkùlé, àwọ̀ ewéko, tó ń ta sánsán bí òdòdó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ní, tí wọ́n bá gé ọṣẹ tán, kó pẹ́ lórí pákó kó tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kí inú rẹ̀ gbẹ, kó le. Ṣùgbọ́n òórùn ọṣẹ yìí ti jáde sí títì, àwọn èèyàn ń yọjú, "Ṣé ó ti ṣe tán?" Ara ọkọ ọmọ mi ò gbà á. Ó tà á ní rírọ̀. Ó tà á tán pátápátá, ó ń jó wọlé.

Kò pẹ́ kò jìnnà, opó kan tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa dé. Abọ́ ọṣẹ òfìfo ló gbé dání.

"Ẹ-Bá-Mi-Wò-Ó, ìwọ náà wá bá mi wò ó. Mo fi pa apá, mo fi pa àyà, kí n tó dé ẹ̀yìn, ọṣẹ ti lọ."

"Ó lọ síbo, Ìyá?"

"Èmi lò ń bi? Ṣé bí ẹ̀yìn mi á ṣe máa wà nìyẹn?"

Gbogbo àwọn tó wà níta bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń wá ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sí.

Ìyàwó rẹ̀ ò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀ lé orí máṣíìnì, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá wọn, ojú mi ti ń rẹ̀ mí. Abẹ́rẹ́ kan ni mò ń rí bíi méjì. Ẹsẹ̀ tèmi nìkan ni gbogbo ilé yìí ń jẹ, èyí tí mo fi ń tẹ máṣíìnì."

"Mo mọ̀, Ìyá wọn."

"Bùọ̀dá mi ní àyè iṣẹ́ wà ní ilé ìkẹ́rùsí àwọn. Ẹ lọ."

Ìlú mìíràn ni ilé ìkẹ́rùsí yìí wà, níbi tí ọmọ mi ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀, ó dìgbà tó bá ráàyè kó tó rí ìyàwó àti ọmọ. Ọkọ ọmọ mi wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré.

"Màá lọ. Tí òjò ọdún yìí bá ti dáwọ́ dúró, kí wọ́n wá gbé mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ bẹ àwọn tó ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi. N ò fẹ́ kó jẹ́ ọṣẹ yẹn ni wọ́n á fi máa rántí mi."

Ló bá tún ọṣẹ mìíràn sè. Èyí, ó dúró dè é. Láràárọ̀, á lọ síbi pákó, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò, á mi orí, á kúrò níbẹ̀. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, mo mọ ohun tó ná an láti kúrò níbẹ̀. Nígbà tó le bí òkúta tán, ó wé e sínú bébà, ó kó o sínú apẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé dé ilé.

Àárọ̀ ni yóò jáde, ó di ọ̀sán kó tó wọlé. Ẹ̀bẹ̀ wo ló ń gùn tó bẹ́ẹ̀? A rò pé ó ń dágbére ni, a ò sì fẹ́ bi í, kí ẹkún má bàa bọ́ sí i. Ọmọ mi ń di ẹrù rẹ̀. Ó lọ àwọn ẹ̀wù rẹ̀, ó tún gbogbo bọ́tìnì wọn rán, ó ní kò sẹ́ni tó máa bá a rán an lọ́hùn-ún tó bá já. Ó rán an rán an, omi dà lójú rẹ̀. Mo ní, "Kí ló dé?" Ó ní ojú tó ń rẹ òun ni. Mo ní ó dáa.

Òjò dáwọ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé, ó ń fun fèrè bí ẹni pé ìyàwó ló wá gbé.

"Ọkọ àbúrò mi dà? Ọ̀nà jìn o!"

Kò sí nílé. Ó ti gbé ọṣẹ tó kù jáde láì tíì fẹnu kan oúnjẹ. Ojú ọmọ mi le. "Lónìí náà?" Ó so gèlè, ó bọ́ sí títì. Mo tẹ̀ lé e, èmi àti orúnkún mi.

Ọ̀dọ̀ tíṣà la kọ́kọ́ yà.

"Ó ti kúrò níbí. Ọṣẹ ló ní òun gbé wá ní ìjelòó, àmọ́ ẹ wo ilẹ̀kùn mi."

Ilẹ̀kùn tíṣà yìí, èjìká ni wọ́n fi ń ṣí i tẹ́lẹ̀. Ó fi ìka kan tì í, ó ṣí wẹ́rẹ́.

"Mo ní kó gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, ó ní rárá, pé òjò ló wú igi. Ó fá a díẹ̀, ó ní ká mú sùúrù kó gbẹ ná. Ó ní ọṣẹ ti kọ́ òun lọ́gbọ́n."

Ó tún ṣí i, ó tún tì í, bí ọmọdé tó rí ohun ìṣeré.

A dé ọ̀dọ̀ alápatà. Ó ní, "Àná ló wá," ó sì dojú àga rẹ̀ dé kí a lè rí ẹsẹ̀ tuntun tó fi sí i. Ẹnìkan ti fi ṣọ́ọ̀kì ya ọ̀bẹ sí abẹ́ àga náà.

"Àmì tèmi nìyẹn. Àga ilé púpọ̀ ló kó lọ tún ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun ò ní gbé ti ẹlòmíràn fún mi mọ́, pé ti ṣòkòtò yẹn ti tó."

Ọmọ mi fi ìka kan ọ̀bẹ tó yà yẹn. Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, kò yára rìn mọ́. Mo ń bá a lẹ́sẹ̀.

Ilé opó la ti rí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la rí, abẹ́ síǹkì ìfọwọ́ ni orí àti àyà rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ omi opó yìí ti ń kán tó, tó, tó láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

"Bàbá wọn," ọmọ mi pè é.

"Ìyá wọn! Ẹ dúró díẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ ló jẹ. Ó ti fẹ́ dákẹ́."

"Bùọ̀dá ti dé."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ tún wọ abẹ́ ibẹ̀ díẹ̀ sí i.

"Mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ wọn."

"Ẹ gbọ́ ọ, ẹ ò wá?"

"Tí mo bá ti jáde lábẹ́ ibí báyìí, mo ti lọ nìyẹn."

Ọmọ mi lóṣòó tì í. "Kí ni wọ́n ń fún yín?"

"Àwọn wo?"

"Tíṣà. Alápatà. Ìyá yìí."

"Háà, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ṣé ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ á tún gbowó ni?"

"Kò gbà!" opó dá sí i. "Mo fi sí i lápò, ó yọ ọ́ lé orí tábìlì mi. Mo ní ta ló máa bá wa ṣe gbogbo èyí tó bá lọ tán? Ó ní kí n máa lo ọṣẹ mi."

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún.

"Adìyẹ, ẹ ò lè tà á. Iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹ ò lè tà á."

"Ẹnu mi ni kì í lè sọ iye."

"Ẹnu tèmi lè sọ ọ́. Ẹ jáde níbẹ̀."

"Kí n wá máa lọ?"

"Ìlọ wo? Ilé là ń lọ. Ẹ parí ti Ìyá ná." Ó wá yíjú sí opó, ó nu omijé nù, ó la ẹnu, ó sọ iye tí wọ́n máa san. Opó ní, "Èyí tí mo ń wá látijọ́ nìyí," ó wọ yàrá lọ mú un wá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kù. Ó ké gbàjarè nígbà tó gbọ́.

"Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé mò ń mú èèyàn bọ̀ o!"

"Lọ sọ fún un pé èèyàn náà ti níṣẹ́," èmi ìyá rẹ̀ ni mo fèsì.

Ó pòṣé, ó wọ ọkọ̀. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn ò ní pa dé àfi tó bá gbá a bí ẹni gbá olè. Kó tó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ ọkọ ọmọ mi ti wà níbẹ̀, ó ń wo àgbékọ́ rẹ̀. Ọmọ mi wú ikọ́, ó sọ iye.

"Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwìn."

Ó ń ráhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó san án.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà náà. Tí iṣẹ́ bá parí nílé kan, ọkọ á ní, "Ìyàwó mi ń bọ̀, òun ló mọ iye." Ọmọ mi dín aṣọ tó ń rán kù, ojú rẹ̀ sì ń sinmi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan orí ń fọ́ ọ, kò lè jáde, ọkọ rẹ̀ ní láti dá lọ. Nígbà tó dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, òógùn bò ó.

"Mo sọ ọ́."

"Ẹ sọ ọ́ fúnra yín? Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ó ti kéré jù."

"Ẹ ò wá fi kún un?"

"Ìyá wọn, ẹ̀ẹ̀kan tí mo sọ yẹn ti rẹ̀ mí."

Ọmọ mi di orí tó ń fọ́ ọ mú, torí pé ẹ̀rín ń mú kó máa lù kì-kì. Ó sún ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò létí ibùsùn, kí ọkọ rẹ̀ lè ráàyè jókòó.