Ohun Tó Wà Lábẹ́ Kápẹ́ẹ̀tì Bàbá Alága

Ẹnu mi mú. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní Jakande Estate, ní Ìsọlọ̀, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti bá ẹni tó ń pín bíìlì iná jà títí ó fi gbàgbé ìwé rẹ̀ sọ́wọ́ mi, mo sì ti sọ fún ọ̀gá iléèwé tí mo ti ń ṣe tíṣà, lójú gbogbo wa nípàdé, pé irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà kan láti ìlú wa ní Èkìtì bá ti lè pè mí ní "ọmọ mi", ẹnu náà á kú. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí a rà fún màámi, ibẹ̀ ló ti bàjẹ́.

Màámi ṣubú nílé ìwẹ̀. Egungun ìdí wọn jinná díẹ̀, àmọ́ wọn ò lè jókòó pẹ́ mọ́. Wọ́n lè dùbúlẹ̀, wọ́n lè sọ̀rọ̀, wọ́n sì lè bú wa dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó fún ìwọ̀n àkókò tí ìrẹsì fi ń jinná, omi á máa bọ́ lójú wọn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa: kí a gbé àwọn lọ sílé, kí àwọn rí àbúrò àwọn. Màmá Kékeré ni a ń pe àbúrò wọn yìí. Àwọn náà ò lè rìn jìnnà mọ́, ẹsẹ̀ wọn ti wú. Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí wọ́n ti fojú kan ara wọn kẹ́yìn. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni Màmá Kékeré máa ń pè: "Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?" Màámi á ní, "Mò ń bọ̀."

A ní ká gba áńbúláǹsì. Màámi ní òkú ni wọ́n fi ń gbé, àwọn ò sì tíì kú. Bí wọ́n bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló mú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníbẹ́ẹ̀dì wá. Ọdún méjì péré ló fi jù mí, a kì í fi "ẹ" pe ara wa. Ó ti rí irú ọkọ̀ náà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù: bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, síìnkì wà níbẹ̀, ibi ìdáná kékeré kan wà níbẹ̀, ilé ìyàgbẹ́ pàápàá wà níbẹ̀. Ó ní bí màámi bá lọ tí wọ́n bá bọ̀, a lè máa fi háyà. Èmi ò rò ti háyà. Mo kàn rí màámi lọ́kàn mi, wọ́n nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì láti Ìsọlọ̀ dé Èkìtì, mo sì ní ká rà á.

Nínú àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó ra irú rẹ̀ rí. Mẹkáníìkì tó máa ń tún ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ṣe la mú dání. Ọkùnrin náà ò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tó sọ fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo lè kà á sókè lójú oorun báyìí. Ó ní, "Èyí tó bá jẹ́ tuntun, wáyà ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Èyí tó bá ti pẹ́, omi ni. Omi máa ń gba orí wọlé, pákó ilẹ̀ ló máa ń jẹ."

Tuntun tí a rí wà lójú ọ̀nà Ailegun, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta tòkúnbọ̀. Ọkọ̀ náà kéré, ó ń dán, gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ló ní bọ́tìnnì. Mẹkáníìkì wọ abẹ́ rẹ̀, ó gun orí rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ilẹ̀ rẹ̀ títí kan ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kò síbi tí omi ti wọ̀ ọ́. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bó bá dákú lójú ọ̀nà Iléṣà, a ó kàn máa wò ó ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tó dúró dáadáa lónìí ni òun fẹ́, ti Iléṣà di ọjọ́ iwájú.

Èmi ni mo kọ̀. Èyí tí mo fẹ́ wà lọ́wọ́ Bàbá Alága, alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, tí ilé wọn wà nítòsí Àgọ́ Palace. Wọ́n ti mú un bọ̀ láti òkè òkun nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, pé àwọn àti ìyàwó àwọn á máa fi káàkiri ìlú. Ìyàwó kú, ọkọ̀ náà sì wà lábẹ́ tàpólì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó gùn, ó fẹ̀, èèyàn lè jókòó ti aláìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mẹkáníìkì abẹ́ igi èyíkéyìí ló lè tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mo ka gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, mo wá fi ọ̀kan kún un, èyí tí mo gbà pé ó ju gbogbo rẹ̀ lọ: a mọ olówó rẹ̀. Mo ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

"Mímọ̀ tí a mọ̀ wọ́n yẹn gan-an ni mò ń bẹ̀rù," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo bú u. Mo ní ó ti di ará Èkó pátápátá.

Lọ́jọ́ tí a lọ wò ó, Bàbá Alága ti jókòó dè wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. Èdè ilé ni wọ́n fi kí mi, Èkìtì tó kì bí ẹ̀kọ gbígbóná, tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin kankan láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ni wọ́n gbé mi sí lọ́jọ́ ìkómọ mi. Kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, mo ti wà lórí eékún.

Ẹ́ńjìnnì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń dún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi yí lọ wo táyà. Èmi àti mẹkáníìkì wọnú ọkọ̀. Òórùn káńfọ̀ ló pàdé wa lẹ́nu ilẹ̀kùn, àwọn róbótó funfun tí a ń kó sáàárín aṣọ, ó pọ̀ débi pé ojú ń ta mí. Bàbá Alága ní nítorí aáyán ni. Kọ́bọ́ọ̀dù ti gbó, àga ti gbó, kọ́tìnnì ti ṣá, ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ tuntun ni. Mo rí i. Mi ò ní parọ́ pé mi ò rí i.

Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di etí kápẹ́ẹ̀tì náà mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Bàbá Alága ò pariwo. Wọ́n kàn béèrè láti ẹnu ilẹ̀kùn pé, "Kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

Ojú tì mí. Ó ṣe mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń tú àpò bàbá rẹ̀. Mo ní kí mẹkáníìkì fi í sílẹ̀, bàbá wa ni.

"Àǹtí, iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe," ló wí.

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà fi í sílẹ̀."

Ó jọ̀wọ́ etí kápẹ́ẹ̀tì náà, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Alága rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní ilé rere ni mo ti jáde. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi padà dé, ó bi mí bóyá mẹkáníìkì ti wo ilẹ̀ ọkọ̀ náà. Mo ní ó ti wò ó. Mẹkáníìkì gbọ́ ohun tí mo sọ. Ó wo ojú mi, ó lọ kó irinṣẹ́ rẹ̀. Bí a ṣe rà á nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé ni a gbéra, ní kété tí ilẹ̀ mọ́. Ọkùnrin mẹ́rin gbé màámi sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹta lórí àga oníke. Léèsì aláwọ̀ ewé ni wọ́n wọ̀. Ìyá kan láti Ọ̀yọ́, aládùúgbò wa tó ń ta aṣọ lọ́jà, ṣe àdúà fún wa, gbogbo wa sì ṣe àmín, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Màámi nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó tì wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi ń wakọ̀. Wọ́n pe Màmá Kékeré. Wọ́n ní, "Gbọ́ bí mo ṣe ń wí. Mo dùbúlẹ̀ nínú yàrá, yàrá ń rìn." Mo gbọ́ ẹ̀rín Màmá Kékeré nínú fóònù. Wọ́n ní àwọn ti ní kí wọ́n gbé àga àwọn sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ò sì ní dìde níbẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n àwọn yóò fi dé. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé òórùn káńfọ̀.

A ò tíì kúrò ní Òṣòdì nígbà tí táyà ẹ̀yìn kó sí kòtò. Kì í ṣe kòtò ńlá. Mo gbọ́ tí nǹkan ya lábẹ́ wa bí aṣọ, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tó wà lápá orí màámi sì wọlẹ̀ lọ. Orí wọn lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn gbé sókè. Wọ́n gbá ọrùn ọwọ́ mi mú. Ihò ti ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn, ọ̀dà títì ń sá kọjá níbẹ̀, màámi sì ń wò ó. Wọn ò ké. Èmi ni mo ń ké sí ẹ̀gbọ́n mi títí ó fi dúró.

Nígbà tí a tún gbé wọn dùbúlẹ̀ dáadáa, mo béèrè ibi tó ń dùn wọ́n.

"Ẹ dá mi padà," ni wọ́n wí. "Mi ò fẹ́ kú sí Òṣòdì."

Ẹ̀gbọ́n mi ká kápẹ́ẹ̀tì náà sókè, àní èyí tí mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Pákó abẹ́ rẹ̀ ti rà, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì tí a tẹ̀ bọ tíì. Wọ́n ti ki ìwé ìròyìn bọ àárín rẹ̀, wọ́n sì ti kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan dábùú rẹ̀. Ìṣó rẹ̀ ò tíì dípẹtà, ó ń dán. Ẹ̀gbọ́n mi wo ìṣó náà, ó wá wo èmi. Kò bi mí léèrè nǹkan kan nígbà náà, kò sì tíì bi mí di òní. Ká ní ó bi mí, ká ní ó nà mí pàápàá, ì bá sàn fún mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí káfíńtà fi pààrọ̀ gbogbo ilẹ̀ náà, pákó tó le, ìṣó tó gùn. À bá ti ṣe é kí a tó gbéra, ká ní a wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti wọ màámi lára. Bí a bá dárúkọ ọkọ̀ náà, wọ́n á kọjú sí ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lọ bá Bàbá Alága nílé. Màámi ní kò gbọ́dọ̀ lọ, ọ̀rẹ́ bàbá wa ni wọ́n, kí ará ilé má baà gbọ́ ìjà wa. Inú mi dùn pé wọ́n dá a dúró, nítorí mo mọ̀ pé èmi náà ni yóò ní láti lọ sọ̀rọ̀. Mo kórìíra ara mi nítorí ìdùnnú náà.

Màmá Kékeré kò sì yé pè. Wọ́n ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Sátidé náà títí oòrùn fi wọ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, màámi á sọ fún wọn pé, "Wọ́n ṣì ń tún ọkọ̀ ṣe." Ojú ti màámi láti sọ pé ẹ̀rù ló ń ba àwọn, wọn ò sì fẹ́ ba orúkọ ọ̀rẹ́ ọkọ wọn jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tún sọ nìyẹn títí wọ́n fi kú, kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, nínú yàrá wọn ní Jakande.

Áńbúláǹsì tí wọ́n kọ̀ ló gbé wọn lọ sílé. Ọkọ̀ oníbẹ́ẹ̀dì gbé àwa yòókù tẹ̀ lé e. Kò mì, kò dún. A kọjá Iléṣà, kò ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀dì náà ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní gbogbo ọ̀nà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Alága jókòó sáàárín àwọn àgbà níwájú ilé wa. Àga Màmá Kékeré kò jìnnà sí tiwọn. Ọkọ̀ náà wà níwájú gbogbo wa, ó funfun, a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n nawọ́ sí ọkọ̀ náà.

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àbí?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, sà," ni mo wí. "Ẹ ṣeun, sà."

Wọ́n mi orí, wọ́n sọ fún àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé ọkọ̀ àtijọ́ kì í dójú ti ni. Mo gbójú sókè, mo rí i pé Màmá Kékeré ń wò mí. Wọ́n wo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n tún padà wo ojú mi.

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa," ni wọ́n wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ ṣì ń tún un ṣe ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ ò sì gbé wọn wá bá mi."

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, káńfọ̀, ìwé ìròyìn, ìṣó tó ń dán, Òṣòdì. Bàbá Alága ń wò mí. Mo ṣì wà lórí eékún.

"Ẹ má bínú, mà," ni mo wí.

Mo ti dé Ìsọlọ̀ tipẹ́. Èmi ni mo ń pe Màmá Kékeré ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ báyìí, ní àkókò tí wọ́n máa ń pe màámi. Fóònù náà máa ń dún títí yóò fi já. Wọn kì í gbé e.