Ọjọ́ Tí Alhaja Wá Dìbò ní Forest Lawn Tí Kò Sí Mọ́

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́ ìdìbò, wọ́n ní kí n wá ilé mi lórí máàpù. Mo wá a títí, mi ò rí i.

Ìtìjú gidi ni, torí sáfẹ́yọ̀ ni mí. Máàpù ni mo kọ́ ní Poli nílé, máàpù náà ni mo sì fi jẹun fún ọdún mẹ́sàn-án ní ọ́fíìsì kan ní Beltline, láàárín ìlú Calgary ní Canada níbí, níbi tí a ti ń ya ọ̀nà tí páìpù epo yóò gbà. Nígbà tí wọ́n dá àwa méjìlá dúró lọ́jọ́ kan náà, mo di ẹni tó ń jókòó sí basement láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyàwó mi ló rí i pé ìbò àpapọ̀ ń bọ̀, pé wọ́n ń wá òṣìṣẹ́.

Mo ní, "Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan yẹn?"

Ó ní, "Ó sàn ju kí o máa bá mi tún kíṣìnì tò lọ."

Bí mo ṣe dé ọ́fíìsì wọn nìyẹn, nínú ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ẹ̀tì kan tó ti kógbá wọlé. Ẹni tó ń kọ́ wa níṣẹ́ ni Doreen, òyìnbó arúgbó kan tó máa ń so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, tó sì ti ń ṣe iṣẹ́ ìdìbò láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì pupa. Ó tẹ́ máàpù sórí tábìlì, ó ní kí kálukú fi ìka kan ilé rẹ̀. Gbogbo wọn kàn án. Ìka tèmi ń rìn káàkiri bí èèrà tó sọnù.

"Ṣé inú mọ́tò lò ń gbé ni?" Doreen bi mí.

"Calgary Forest Lawn ni mò ń gbé, ọjọ́ ti pẹ́."

"Ọ̀rẹ́ mi, Calgary Forest Lawn ti kú. Ka orí máàpù."

Mo kà á. Calgary East ló wà níbẹ̀.

Àgbègbè tí àwọn èèyàn rẹ̀ jọ ń yan aṣòfin kan lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Ottawa ni wọ́n ń pè ní riding níbí. Lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá, tí wọ́n bá ti ka èèyàn tán, ìgbìmọ̀ kan á jókòó, á wo ibi tí èrò ti pọ̀ jù, á sì tún ààlà yà. Àwọn èèyàn ti rọ́ lọ sí àríwá ìlà oòrùn Calgary, bẹ́ẹ̀ ìgbìmọ̀ kò fẹ́ kí riding kan wúwo ju èkejì lọ. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń pín ìjọba ìbílẹ̀ nílé, tí ìlú méjì á máa jà pé ọ̀dọ̀ tàwọn ni sẹkitéríàtì yóò wà. Níbí, ìjà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n máa ń kọ síra wọn.

Doreen ló sọ ìtàn rẹ̀ fún wa nígbà tí a ń mu kọfí. Forest Lawn fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìlú tó dá dúró rí, kí Calgary tó gbé e mì. Ní ọ̀pọ̀ ìbò tí Doreen ti bá wọn ṣiṣẹ́, Calgary East ni wọ́n ń pe riding náà. Nígbà tó yá, wọ́n pa orúkọ yẹn rẹ́, wọ́n sọ ọ́ di Calgary Forest Lawn. Kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lọ, wọ́n pa Forest Lawn náà rẹ́, wọ́n jí Calgary East dìde, wọ́n sì gé apá òkè lára rẹ̀ fún riding tuntun kan tí wọ́n pè ní Calgary McKnight.

"Mo ti ṣe ìdágbére fún Calgary East," Doreen wí, "àfi bó ṣe yọjú padà, tí kò tilẹ̀ tọrọ gáfárà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi kò pẹ́, torí mo ti rí ilé mi. Títì ńlá tó wà níwájú ilé wa ni wọ́n fi ṣe ààlà. Òdìkejì títì ni Calgary East. Àwa tí a wà lápá ìhín ti di ará McKnight. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi obìnrin wò mí, ó ní, "So Daddy, you don't know where we live?"

Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló dà mí láàmú. Alhaja ni.

Alhaja Sìdí ni wọ́n ń pe ìyá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Agbẹ̀bí ni wọ́n ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kí wọ́n sì wá bá ọmọ wọn tọ́jú ọmọ. Nígbà tí ọmọ wọn kó lọ sí Okotoks, wọ́n kọ̀ láti tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ibi tí èèyàn kò bá ti lè wọ bọ́ọ̀sì lọ kírun kì í ṣe ibi tí arúgbó ń gbé. Àwọn ló wẹ ọmọ wa kékeré fún ogójì ọjọ́. Lọ́dún tó ṣáájú ìbò yẹn ni wọ́n búra, tí wọ́n di ọmọ Canada. Ìbò àkọ́kọ́ wọn níbí nìyí.

Ọjọ́ mẹ́rin kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Alhaja mú káàdì ìdìbò wọn wá bá mi. Wọ́n fi ìka tọ́ka sí orúkọ tó wà lórí rẹ̀.

"Kí ni McKnight? Ṣebí títì ni McKnight. Ṣé títì ni mo fẹ́ dìbò fún ni?"

Mo gba káàdì náà bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Scam ni, Alhaja. Ẹ ya á dànù. Forest Lawn ni wá. Ilé ìwé òdìkejì títì yẹn la ti máa ń dìbò. Tí ọjọ́ ìbò bá pé, kí ẹ kàn wá síbẹ̀."

Wọ́n ya á sí mẹ́rin lójú mi, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi.

Ó yẹ kí n lọ bá wọn lálẹ́ ọjọ́ tí mo rí máàpù yẹn. Ojú tì mí. Mo ní ó di ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí Sátidé dé, mo ní iṣẹ́ pọ̀. Mo ń kí wọn láràárọ̀ láti inú mọ́tò, "Ẹ káàárọ̀, mà," màá sì tẹ iná mọ́tò.

Ọjọ́ ìbò pé. Ilé ìwé òdìkejì títì yẹn náà ni wọ́n rán mi lọ, Doreen sì ni ọ̀gá wa níbẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n wo káàdì, kí n darí èèyàn sí tábìlì rẹ̀. Ní nǹkan bí aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, Alhaja wọlé. Wọ́n wọ léèsì funfun sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì òtútù, ọ̀pá wọn lọ́wọ́, atẹ́gùn ti ti gèlè wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Mo ti dé o. Tábìlì wo ni tèmi?"

"Alhaja, ibí kọ́, mà."

"Ibí kọ́ báwo? Ìwọ lo ní kí n wá."

"Èmi ni mo ṣì í, mà. Òótọ́ ni káàdì yẹn. McKnight la wà."

"McKnight tí o ní kí n ya dànù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n fara ti ọ̀pá wọn. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

Mo lè purọ́ pé àárọ̀ yẹn ni. Ó wà lẹ́nu mi. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mà."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni Alhaja wí. "O sì ń kí mi láràárọ̀."

Doreen ti dé ẹ̀yìn mi. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ojú. Mo ṣàlàyé. Ó wo aago: méje àbọ̀ ni wọ́n ń tilẹ̀kùn. Ó ní, "O ò tíì gba ìsinmi láti àárọ̀. Gbà á báyìí. Ibi tó bá wù ọ́ ni kí o ti jẹ sáńwíìṣì rẹ, ṣùgbọ́n kí o padà wá."

Nínú mọ́tò, mo ń bẹ̀bẹ̀. Ìgbà tí a dé ibi iná títì kejì ni wọ́n sọ̀rọ̀.

"Ìgbà tí mo lọ dìbò kẹ́yìn nílé, èèyàn mẹ́ta ló kù níwájú mi kí àwọn ọmọọ̀ta tó dé, tí wọ́n gbé àpótí sá lọ. Ẹ̀rù ò bà mí. Ohun tó dùn mí ni pé mo ti rí àpótí yẹn. Mi ò dìbò mọ́ látìgbà náà."

Mo kàn ń wa mọ́tò.

Gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò wa gan-an ni ibi ìdìbò McKnight wà, ìrìn ẹsẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ilé Alhaja. Ọmọ òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì ní láìsí káàdì, kò séwu, kí wọ́n ṣáà mú ohun tó fi ẹni tí wọ́n jẹ́ àti ibi tí wọ́n ń gbé hàn. Alhaja fa fáìlì kan yọ nínú báàgì. Káàdì ìdánimọ̀ ìjọba tó ní fọ́tò àti àdírẹ́sì ló kọ́kọ́ jáde, ìyẹn sì ti tó. Wọ́n tún yọ páásípọ́ọ̀tù, wọ́n yọ ìwé ilé, wọ́n yọ sátífíkéètì agbẹ̀bí.

"Ó ti tó, ma'am," ni ọmọ òyìnbó náà wí.

"Kò tíì tó. Wo èyí náà."

Wọ́n lọ sẹ́yìn páálí tí wọ́n fi ń bo èèyàn. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n pẹ́ débi pé òṣìṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí. Ó ní, "Ma'am, are you okay?"

Láti ẹ̀yìn páálí ni Alhaja ti dáhùn: "I am reading. All of them I must read."

Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n sọ ìwé ìdìbò náà sínú àpótí, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé e díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń gbé ọwọ́ lé ikùn aboyún.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ nínú mọ́tò: "Ẹ má bínú, Alhaja."

"Mo bínú. Kì í ṣe pé o ṣì mí lọ́nà ni, kò sẹ́ni tí kì í ṣìnà. Èyí tí o mọ̀ tí o fi pamọ́ fún mi ló dùn mí." Wọ́n tún gèlè wọn ṣe nínú díńgí. "Gbé mi dé ilé, kí o yára padà síbi iṣẹ́, kí àwọn yìí náà má lọ dá ọ dúró."

Wọn kò dá mi dúró. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi ìbò ìjọba ìlú látìgbà náà, èmi náà sì ń kọ́ àwọn tuntun báyìí, torí Doreen ti fẹ̀yìn tì. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí ohun ìtìjú nínú kí èèyàn darí ẹnì kan síbi tí kò yẹ. Kí wọ́n ṣáà sáré tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, kó tó rìn jìnnà.

Lóṣù tó kọjá, tọkọtaya kan tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì kó láti Savanna, àdúgbò mìíràn ní Calgary, wá sí òpópónà wa. A jọ ń jẹun nílé Alhaja nígbà tí ọkọ bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, riding wo la wà báyìí?"

Mo la ẹnu. Alhaja gbé ṣíbí wọn sílẹ̀, wọ́n ń wò mí.

Mo ní, "Àbúrò, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bá ọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibi iṣẹ́ ìdìbò lọ́la."

Alhaja gbé ṣíbí wọn padà. "Ó ti ń mọ iṣẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì bu ẹran kan sí àwo mi.