Ojú Ìyá Àgbà Lára Dígí

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá Alágogo láàánú. Kò ní. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tún agogo ọwọ́ ṣe ni, àmọ́ agogo kọ́ ló gbà á lọ́kàn. Fọ́tò àwọn èèyàn ńlá ayé ọjọ́un ló ń kó jọ: ọba, ọ̀gágun, oníwàásù, àwọn tó ti kú kí bàbá bàbá rẹ̀ tó gbọ́njú. Wọ́n kún ara ògiri pálọ̀ débi pé fọ́tò ìgbéyàwó òun àti ìyàwó rẹ̀ kò rí àyè. Nígbà tí ìyàwó béèrè ibi tí wọ́n máa gbé tiwọn kọ́, ó ní, "Ogun wo lo jà?" Ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni ìyàwó yìí ní tó jẹ́ tiẹ̀ nínú ilé yẹn. Àwòrán ìyá tó bí ìyá ìyá rẹ̀ ni, obìnrin aránṣọ kan. Orí dígí ni wọ́n ya àwòrán náà sí, inú àpótí pẹlẹbẹ kan tó ṣeé pa dé bí ìwé ló sì wà. Ìyá ló máa ń gbé e fún àkọ́bí rẹ̀ obìnrin tó bá ń relé ọkọ, ọmọ wọn obìnrin sì ti ń múra ìgbéyàwó. Ojoojúmọ́ ni ìyàwó ń nu àpótí náà, tó ń bá a sọ̀rọ̀ pé, "Màmá, ẹ ò ní pẹ́ kó lọ o."

Àfi bí Alágogo ṣe rí fọ́tò Ọ̀gágun Onírùngbọ̀n rà, ọkùnrin tó ti ń wá láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Orí dígí lòun náà wà, ṣùgbọ́n dígí lásán ni wọ́n tà fún un, kò ní àpótí, kò ní aṣọ lẹ́yìn. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀, bí kò bá sí nǹkan dúdú lẹ́yìn rẹ̀, bí èéfín lásán lèèyàn máa rí i. Fi aṣọ dúdú sẹ́yìn rẹ̀ báyìí, ojú á yọ kedere. Ṣé aṣọ dúdú wá ṣòro rí ni? Rárá o! Àwọn tó ń kó irú fọ́tò yìí jọ ni ìṣòro. Lójú tiwọn, àbùkù gbáà ni kéèyàn fi aṣọ tuntun sẹ́yìn àwòrán àtijọ́. Wọ́n á yẹ ẹ̀yìn wò, wọ́n á sì yínmú. Wọ́n sì ń bọ̀ wá wo ọ̀gágun lọ́jọ́ Àìkú.

Ọkọ dúró kí ìyàwó jáde. Ó yọ ìyá àgbà kúrò nínú àpótí, ó tú aṣọ dúdú ẹ̀yìn wọn, ó kó gbogbo ẹ̀ fún ọ̀gágun. Ó wá gbé dígí ìyá àgbà sójú fèrèsé, níbi tí oòrùn ti ń là á kọjá.

Nígbà tí ìyàwó dé, ó sáré lọ sójú fèrèsé. "Bàálé mi, ojú Màmá dà?"

"Mo ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò ni, mo bá a pé ó ti lọ. Gbogbo nínù tí ò ń nù ún yẹn ló fà á. Ìwọ lo nù wọ́n dànù. Àpótí tó ṣófo ni mo bá gbé fún ọ̀gágun."

"Àpótí ni mò ń nù!"

"Omi ara àkísà rẹ ńkọ́? Ibo lo rò pé ó ń wọ̀ sí?"

Obìnrin náà gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ọkọ ló mọ̀ nípa fọ́tò. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Ọmọ wọn wá, ó gbọ́, inú bí i. "Ohun kan péré, Màmá! Ẹ ò lè tọ́jú ohun kan péré!" Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, ṣé kò sí ohun téèyàn lè ṣe sí i mọ́?"

Àkísà dúdú tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni ohun téèyàn lè ṣe sí i. Ọkùnrin yìí wo ọmọ tó bí lójú. "Kò sí," ló wí. Ẹ wá wo ìkà! Ọmọ náà jáde, kò dágbére fún ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, dígí kejì, èyí tí kò ní àwòrán, tó wà nínú àpótí láti bo ojú ọ̀gágun, là níbi tí Alágogo ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí. Ó tún nílò dígí àtijọ́ mìíràn. Ó ń kùn kiri ilé, ó ń gbá ilẹ̀kùn mọ́ra. Ìyàwó tí kò mọ bó ṣe máa tọrọ àforíjì mọ́ lọ mú dígí ìyá àgbà wá, ó kúnlẹ̀. "Ẹ gba èyí. Kò sí ẹnì kankan lára ẹ̀ mọ́. Ó kúkú dọ́gba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi mọ́."

Alágogo gbà á. Kò tilẹ̀ dúpẹ́. Ó da omi gbígbóná àti sóódà sínú ike dúdú tó fi ń fọ irin agogo, ó ri dígí náà bọ inú ẹ̀, ó fi àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ó ní kí ìyàwó mú tówẹ̀lì wá.

Ìyàwó mú un dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo inú ike. Nísàlẹ̀ omi, lórí dúdú ike náà, obìnrin kan ń wò ó. Iwájú orí wà níbẹ̀, ojú méjèèjì wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń rí nínú àpótí gan-an. Ẹnu àti àgbọ̀n ti lọ.

"Màmá! Bàálé mi, wọ́n wà níbẹ̀! Ẹ dúró! Wọ́n wà níbẹ̀!"

"Mo mọ̀," ni ọkọ wí. Kò gbójú sókè. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sórí ojú ọ̀tún, ó sì ń ha á lọ.