Yìnyín Ibi Ìgbọ́kọ̀sí Port Ansell

Bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ni Verna Kostiuk ń wà ní Port Ansell. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ẹgbẹ́ ńlá kan tó ń gbá họ́kì orí yìnyín fẹ́ kó kúrò nílùú rẹ̀, tí ìlú mẹ́rin sì ń du ẹgbẹ́ náà, Verna wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní kí Port Ansell náà du ú. Lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà wá wo ìlú, òun ló se pierogi, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n fi ọ̀dùnkún sínú rẹ̀, tí ọkùnrin náà jẹ, tó tún bù sí i. Ó di ọwọ́ Verna mú, ó ní, "Màmá, lọ́dọọdún lẹ ó máa sè é fún mi."

Gbogbo ohun tó béèrè ni wọ́n ṣe. Wọ́n wó gbọ̀ngàn yìnyín àtijọ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń gbá họ́kì, kí wọ́n lè fi ibẹ̀ ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí fún àwọn tó máa wá wòran ẹgbẹ́ náà. Verna kò janpata. Ó ní àwọn ọmọ á rí èyí tó dára jù.

Àṣé ọkùnrin náà ò fẹ́ lọ síbì kankan. Ńṣe ló ń fi àwọn ìlú yòókù dẹ́rù ba ìlú tirẹ̀. Bí ìlú rẹ̀ ṣe gbà láti kọ́ pápá tuntun fún un báyìí, ó jókòó pa síbẹ̀. Port Ansell ò rí ẹgbẹ́, kò sì ní gbọ̀ngàn mọ́.

Níbi ìpàdé, olórí ìlú, Lyle Hargreave, ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n ní sùúrù, pé ẹgbẹ́ mìíràn lè yọjú. Verna dìde.

"Lyle, ta lo tún fẹ́ kí n se oúnjẹ fún? Àwọn ọmọ wa ò ríbi ṣeré, ọ̀rọ̀ àlejò lò ń sọ."

"Ẹ fara balẹ̀, Àǹtí Verna. Gbogbo wa la jọ ṣe é."

"Èmi náà wà níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú."

Nígbà tí òtútù mú dáadáa, ó pe àwọn òbí jọ. Wọ́n fa rọ́bà omi láti ilé tó wà nítòsí, wọ́n da omi sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tí mọ́tò kankan ò wọ rí. Omi náà dì, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá họ́kì lórí rẹ̀. Lyle rán ọlọ́pàá kan láti lé wọn. Verna fi bọ́ọ̀sì dí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó sínú rẹ̀, ó ní kó wá gbé òun. Ọlọ́pàá náà wo orí yìnyín, ó rí ọmọ tirẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣeré, ó bá yí padà.

Àwọn ọmọ gbá họ́kì níbẹ̀ títí òtútù fi lọ. Àwọn kan wá sọ fún Verna pé kó dárí ji Lyle, ó ṣe tán àwọn ọmọ ti ríbi ṣeré. Ó ní orí ilẹ̀ gbọ̀ngàn tí wọ́n wó ni wọ́n ti ń ṣe é, nínú afẹ́fẹ́ tó ń gé wọn létí. Kò bá Lyle sọ̀rọ̀ mọ́.