Wọ́n Bú Mi Lórí Fóònù, Wọ́n Kúnlẹ̀ Kí Mi ní Pálọ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbà mí láyè kí n ro ẹjọ́ tèmi, torí ohun tójú mi rí ní Sátidé tó kọjá, mi ò rírú ẹ̀ rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tíṣà ni mí ní Kabala Costain, ní Kaduna níbí, mo sì máa ń kọ ìtàn kan sórí péèjì mi, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́.

Obìnrin kan wà nínú ìtàn náà, Ìyá Gbénga, tó ń ta búrẹ́dì fáwọn tó ń wọkọ̀ ojú irin ní Rigasa. Ká sòótọ́, ó ti sú mi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ní ibà ń ṣe é. Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo sin ín.

Èébú dé! Apààyàn, ìkà, wọ́n ní àfi kọ́wọ́ mi rọ. Ẹnì kan tó pe ara ẹ̀ ní Sìdí Badarawa ló burú jù. Ó ní òun lòun máa ń ka ìtàn náà fún ìyá òun nírọ̀lẹ́, àti pé látìgbà tí Ìyá Gbénga ti kú, màmá ò jẹun mọ́. Ó ní bí nǹkan bá ṣe é, ọrùn mi ló wà. Mo ní irọ́ ni. Ta ní í tìtorí ìtàn febi panú?

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn kíkọ, ìwé pélébé tí mo ń ṣe fọ́tókọ́pì ẹ̀ ni mo máa ń tà. Ẹni tínú bá ń bí á kọ lẹ́tà. Á kí mi, á kí ìyàwó mi, á béèrè àwọn ọmọ, á ní ooru Kaduna yìí mà ga o. Kó tó kan ẹ̀sùn, bébà á ti kún, á wá há ìbínú sísàlẹ̀. Lónìí ńkọ́? Èébú ni wọ́n fi ń kanlẹ̀kùn.

Àárọ̀ Sátidé, ọmọbìnrin kan béèrè ọ̀nà dé ilé mi, ó kúnlẹ̀. Ó ní òun ni Sìdíkátù, láti Badarawa. Mo ní kó jókòó, mo fún un lómi. Ó béèrè ìyàwó mi, ó kí mi lédè Haúsá pé sannu da aiki, ẹ kú iṣẹ́. Ó lanu, ó pa á dé, ó wo irun mi tó ti funfun. Ló bá yọ fóònù, ó ń tẹ̀ ẹ́.

Fóònù mi dún lápò. "Òṣìkà! O jókòó bí èèyàn gidi."

Mo wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní omi náà tutù, Ọlọ́run á bù sí i.

Mo ní kí ló dé tí kò fẹnu sọ ọ́. "Háà, sà, ẹ tó mi bí. Mi ò lè lanu bú yín." Ó sì tún tẹ̀ ẹ́: "Òpònú."

Ṣé kí n dákẹ́ ni? Èmi náà fèsì. A jókòó nínú pálọ̀ kan ṣoṣo, à ń bú ara wa lórí fóònù, à ń na bisikíìtì síra wa. Ìyàwó mi kọjá, ó ní ó mà dáa pé ọ̀rọ̀ wa wọ̀.

Àfìgbà tí bátìrì fóònù ẹ̀ tán. Kò rí nǹkan kan tẹ̀ mọ́, ló bá bú sẹ́kún. "Sà, ọjọ́ mẹ́rin rèé, omi kókó nìkan ni ìyá mi ń mu. Ó ní Ìyá Gbénga sú yín ni. Ó ní bóun náà ṣe máa sú mi nìyẹn."

Mo fẹ́ purọ́, ẹnu mi kọ̀. A wọ kẹ̀kẹ́, ó di Badarawa. Èmi tí mo pààyàn, mo dọ̀bálẹ̀ fún màmá, mo ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà.

Màmá béèrè bóyá Ìyá Gbénga jẹ̀rora. Mo ní rárá. Ó ní ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo ní Gbénga ni, ó di ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ mú títí, kò kúrò níbẹ̀.

Mi ò kọ ìyẹn síbì kankan rí.

"Kọ ọ́," màmá ní. Ló bá ní kí Sìdíkátù lọ gbé tùwó wá kóun jẹ.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó ń bú wa lórí fóònù lè ní ẹkún nílé. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ti pàdé ẹni tó bú yín rí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ bú mi, kó máa bọ̀ nílé.